Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹ̀tọ́ Arìnrìn-àjò àti Oore Kékeré

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ẹyìn àti ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

 

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ẹnì kan tí Ọlọ́hun dárúkọ mọ́ àwọn tí sàká tọ́ sí, ṣùgbọ́n tí àwa tí a ń pín sàká kì í sábà rántí. Ẹni náà ni arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́. Kí a tó dé ibi tí ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe, nítorí òun ló mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti túká, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú mọ́sálásí, mò ń ka owó inú àpótí. Ọkùnrin kan wọlé, ọmọbìnrin kékeré kan tẹ̀ lé e. Ó kí mi, ó ní Ìlọrin ni àwọn ti ń bọ̀, Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà ni àwọn ń lọ. Mọ́tò tí àwọn wọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ibi tí àwọn ti ń wá òmíràn ni ẹnì kan ti gbé báàgì tí owó wà nínú rẹ̀ sá lọ. Ara ọmọ náà gbóná. Ohun tí ọkùnrin náà ń bẹ̀ fún kò ju owó mọ́tò dé ilé lọ.

Owó wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni mí, mo mọ òfin. Mo bi í bóyá ó ní ìwé lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ lèmọ́mù ìlú rẹ̀. Kò ní. Mo bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n ní Òrò. Kò sí. Mo wá sọ fún un pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ Àìkú, kí ó padà wá. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àáfà." Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Èmi náà padà sídìí owó tí mò ń kà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ìyókù. Obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sí mọ́sálásí wa. Ó rí ọmọ náà tó ń gbọ̀n. Ó pè wọ́n, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ, ó fi omi nu ara rẹ̀, ó ní kí bàbá náà jẹun. Lẹ́yìn náà ló bẹ ọlọ́kadà kan tó máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó gbé wọn dé gáréèjì. Ọlọ́kadà náà kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, ó bá wọn ṣàlàyé fún àwọn onímọ́tò, awakọ̀ kan tó ń lọ sí apá Kábà sì ní kí wọ́n wọlé, ìjókòó kan ṣì ṣófo lẹ́yìn. Kí á tó kírun Aláásárì, wọ́n ti lọ.

Mo lọ bá obìnrin náà, mo bi í pé kí ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ní, "Àáfà, mi ò lówó tí mo lè fún wọn. Ẹ̀kọ ló wà nílẹ̀, òun náà ni mo bù."

Ẹ̀yin ará, opó ni obìnrin yìí. Orúkọ ọmọ rẹ̀ méjì wà nínú ìwé àwọn ọmọ òrukàn tí Ẹgbẹ́ wa ń san owó ilé-ìwé wọn. Ẹni tí à ń fún ní sàká ló ṣe ohun tí ẹni tó ń pín sàká kò ṣe. Mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí Alùkùránì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹjọ́ ara mi.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ojúrere

Nínú Súrà At-Tawbah, aaya 60, Ọlọ́hun ka irú èèyàn mẹ́jọ tí sàká wà fún: àwọn tálákà, àwọn aláìní, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sàká, àwọn tí à ń fa ọkàn wọn mọ́ra, ìdáǹdè àwọn ẹrú, àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti arìnrìn-àjò. Orúkọ tí èdè Lárúbáwá pè é ni ibnu s-sabiil, ìyẹn ni pé ọmọ ojú ọ̀nà. Bí èèyàn bá wà lójú ọ̀nà tí kò sí ilé nítòsí, tí kò sí ẹbí, tí kò sì sí owó, ọ̀nà náà ló kù tí a lè fi pe bàbá rẹ̀.

Nínú Súrà Al-Isra, aaya 26, ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun lò ni ẹ̀tọ́. Ó ní kí á fún ìbátan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti aláìní, àti arìnrìn-àjò. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin yẹn dúró níwájú mi, kì í ṣe owó mi ló ń tọrọ. Ó wá gba ohun tí Ọlọ́hun ti kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé májẹ̀mú rẹ̀. Kò di dandan kí ó jẹ́ tálákà nílé rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ olówó ní ìlú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó owó náà níbi tó wà, sàká tọ́ sí i. Ohun tí a ó fún un ni ohun tí yóò gbé e dé ibi tó ń lọ tàbí ibi tí owó rẹ̀ wà. Ìrìn-àjò rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé láti ọ̀dọ̀ lèmọ́mù kò sí nínú májẹ̀mú wọ̀nyí. Èmi ni mo fi kún un.

Ẹ ó ní ṣé kí á máa gba gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ ni? Ẹ wo ohun tí Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ṣe. Hádíìsì kan wà nínú ìwé Abu Dawud pé ọkùnrin méjì wá bá a níbi tó ti ń pín sàká, wọ́n ní kí ó fún àwọn. Ó wò wọ́n látòkè délẹ̀, ó rí i pé alágbára ni wọ́n. Ó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́, òun yóò fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ìpín níbẹ̀ fún ọlọ́rọ̀ tàbí fún alágbára tó ń rí iṣẹ́ ṣe. Ó wò wọ́n dáadáa, ó sọ òfin fún wọn, ó sì fi ìyókù sáàárín wọn àti Ọlọ́hun. Kò ní kí wọ́n lọ mú ẹlẹ́rìí wá.

Ẹ̀kọ́ kejì: Súrà tí gbogbo wa mọ̀ sórí

Kò sí ọmọ ilé-kéwú tí kò mọ Súrà Al-Ma'un. Aaya méje péré ni. Àwa tí à ń tọ́jú ọmọ òrukàn fẹ́ràn láti máa ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìpàdé wa, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé ẹni tó ń ti ọmọ òrukàn dànù ló pe ẹ̀sìn nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka ìparí rẹ̀ pẹ̀lú. Ègbé ni fún àwọn olùkírun kan, àwọn tó gbàgbé ìrun wọn, tí wọ́n ń ṣe kárími, tí wọ́n sì ń du èèyàn ní al-maa'uun.

Kí ni al-maa'uun? Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn Sàábé àgbà, túmọ̀ rẹ̀ sí àwọn nǹkan kéékèèké tí ará àdúgbò máa ń yá ara wọn, bí ìkòkò, àáké àti korobá ìfami. Ẹ wò ó bí ó ti kéré tó, síbẹ̀ Ọlọ́hun fi parí súrà tó fi ọmọ òrukàn bẹ̀rẹ̀.

Ní Òrò wa lónìí, al-maa'uun lè jẹ́ omi tútù nínú ife. Ó lè jẹ́ àga fún aláboyún tó ń dúró de mọ́tò. Ó lè jẹ́ kí á gba àlejò láyè láti fi fóònù wa pe ilé, tàbí kí ó fi iná wa gba agbára sínú tirẹ̀. Ó lè jẹ́ kí á fi ilé ìyàgbẹ́ han obìnrin tó wà lójú ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà níhìn-ín, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, al-maa'uun tirẹ̀ ni kí á mú un dé ilé tí yóò sùn, kí á má kàn na ọwọ́ sí ọ̀nà fún un.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Nígbà tí àlejò dé Mẹdínà

Jarir ọmọ Abdullah sọ ìtàn kan tó wà nínú ìwé Muslim. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn kan dé bá Ànábì ní Mẹdínà, ará ìran Mudar ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kò wọ bàtà, aṣọ wọn sì ti fàya. Nígbà tí Ànábì rí ìṣẹ́ tó wà lára wọn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọlé, ó jáde, ó ní kí Bilal pe ìrun. Lẹ́yìn ìrun ló bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ pé kí oníkálukú mú nǹkan wá, ìbáà ṣe dínárì, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ìwọ̀n àlìkámà tàbí dàbínù, kódà kó jẹ́ ìlàjì dàbínù kan.

Ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹdínà kọ́kọ́ gbé àpò kan wá tó wúwo débi pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, títí tí oúnjẹ àti aṣọ fi di òkìtì méjì. Jarir ní ojú Ànábì wá ń dán bí wúrà. Ibẹ̀ ni Ànábì ti sọ pé ẹni tó bá fi ọ̀nà rere lélẹ̀ nínú Islam yóò gba láádá rẹ̀, yóò sì gba irú láádá gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé ti àwọn yẹn dín kù.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní, Ànábì kò ní kí àwọn àlejò náà dúró di ọjọ́ mìíràn. Èkejì, ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì rí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí pẹ̀lú ìyá ẹlẹ́kọ wa. Nítorí pé ó bu ẹ̀kọ ni ọlọ́kadà ṣe gbé wọn, nítorí pé ọlọ́kadà gbé wọn ni awakọ̀ ṣe ní kí wọ́n wọlé. Bí Ọlọ́hun bá gba iṣẹ́ náà, ìpín obìnrin yìí wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Àwa náà ti ṣe àlejò rí

Ìran oníṣòwò ni wá. Àwọn bàbá wa rìn dé Gánà nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti lo ogún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Bàbá mi wà nínú wọn. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí àwọn dé ilẹ̀ Tógò, owó ti tán, ìyá mi sì wà nínú oyún. Obìnrin kan tí wọn kò gbédè rẹ̀, tí kì í sì í ṣe Mùsùlùmí, ló fún wọn ní omi àti àgbàdo sísè, tó sì tẹ́ ẹní fún wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi kò mọ orúkọ rẹ̀. Títí tí bàbá fi kú, kì í ka àwọn tó ṣe é lóore kó má dárúkọ obìnrin Tógò.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, ó di ọ̀rọ̀ tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò. Àwọn ọmọ Gánà tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Títí di òní, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni à ń pè ní Ghana Must Go. Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà, ọmọ Gánà sì ni olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Bàbá mi di gààrí àti ẹja gbígbẹ, ó rán mi sí i. Mo bi bàbá pé ṣé wọn kò lé ẹ̀yin náà ni? Ó ní, "Nítorí pé wọ́n lé mi ni mo ṣe mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń gùn."

Ẹ rántí pé àlejò ni Ànábì Musa náà nígbà tó dé ibi omi Madyan, gẹ́gẹ́ bí Súrà Al-Qasas ṣe sọ. Ó sá kúrò ní Íjíbítì, kò ní nǹkan kan. Síbẹ̀ ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, ó lọ jókòó sábẹ́ ibòji, Ọlọ́hun nìkan ló sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibi omi náà ló ti rí ilé, ó rí iṣẹ́, ó sì rí aya.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: Ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀

N kò ní díbọ́n pé ayé ṣì rí bí ó ti rí ní 1969. Ní ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu ọ̀pọ̀ abúlé ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn àti Pátígi, àwọn èèyàn sì sá fi ilé àti oko sílẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àlejò kò ṣe ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àwọn tó sá kúrò ní abúlé wọn náà, àlejò ni wọ́n níbi tí wọ́n sá dé. Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì nítorí agbébọn, ẹni tí agbébọn lé ni ó máa sùn síta.

Àwọn àgbà ní igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìṣọ́ra kò lòdì sí oore. Ẹ jẹ́ kí á ṣe oore náà ní gbangba, ní mọ́sálásí, ní gáréèjì tàbí níwájú ilé, kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó mọ́tò ni, kí á tẹ̀ lé e dé gáréèjì, kí á san án fún awakọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí á mú un lọ sọ́dọ̀ lèmọ́mù tàbí baálẹ̀, kí á má kàn mú un wọlé wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkàn wa kò bá balẹ̀ rárá, omi àti ọ̀rọ̀ tútù kò lè pa wá lára.

Ẹ jẹ́ kí á sì ṣọ́ra fún ìpalára tí àwa náà lè ṣe. Súrà Al-Baqarah, aaya 264, kìlọ̀ pé kí á má fi ìrègún àti ìnira ba ìtọrẹ wa jẹ́. Kí á má ya fọ́tò ẹni tí à ń fún ní búrẹ́dì. Kí á má bi í ní ìbéèrè tí a kò ní bi ọmọ ìyá wa. Ẹni tó ṣe oore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ló rí.

Ẹ̀kọ́ kẹfà: Bí àlejò náà kò bá ṣe Mùsùlùmí ńkọ́?

Wọ́n máa ń bi wá ní ìbéèrè yìí, nítorí ọ̀nà Ìlọrin sí Kábà, gbogbo ẹlẹ́sìn ló ń gbà á. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ní sàká tó jẹ́ dandan, Mùsùlùmí la máa ń fún, yàtọ̀ sí àwọn tí à ń fa ọkàn wọn mọ́ra. Ṣùgbọ́n sàárà kò ní ààlà yẹn. Súrà Al-Mumtahanah, aaya 8, sọ pé Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí àwọn tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn. Nínú ìwé Bukhari àti Muslim, Ànábì sọ nípa obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tó fi bàtà rẹ̀ fa omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, Ọlọ́hun sì forí jì í. Bí omi tí a fún ajá bá lè rí bẹ́ẹ̀, ti ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Ohun tí Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò lé

Mo gbé ọ̀rọ̀ ara mi síwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí mo dá fún ọkùnrin náà. Àga rẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn ìjíròrò, a fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta.

1. Àpótí kékeré kan yóò wà fún arìnrìn-àjò, sàárà ni yóò máa wọ inú rẹ̀. A kò ní fọwọ́ kan owó àwọn ọmọ òrukàn, nítorí àmánà ni.

2. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó bá wà nítòsí lè fọwọ́ sí owó mọ́tò tàbí oúnjẹ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ọkọ̀ fi fò sókè, ẹni tí ọ̀nà ń há mọ́ ti pọ̀ sí i, wọn kò sì lè dúró de ìpàdé.

3. Ìkòkò omi àti àga gígùn yóò wà lábẹ́ igi ìta mọ́sálásí. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ni yóò máa pọn omi náà ní ìdá-ìdá, kí wọ́n lè kọ́ Súrà Al-Ma'un pẹ̀lú ọwọ́ wọn.

N kò mọ ibi tí ọkùnrin náà àti ọmọ rẹ̀ wà lónìí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ní Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀, bí ó bá dìde láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́hun kí àwọn tí àpótí yìí bá gbé délé lè jẹ́rìí gbè mí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé àti ní ilé-kéwú

1. Àwọn wo ni ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí? Èwo nínú wọn ni a máa ń gbàgbé ní àdúgbò wa?
2. Dárúkọ nǹkan mẹ́ta nínú ilé rẹ tó lè jẹ́ al-maa'uun fún ẹni tí ìwọ kò mọ̀ rí.
3. Ta ni ó ṣe ìdílé yín lóore lẹ́yìn odi, tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ ṣe àdúà fún un lónìí.

Ọlọ́hun Ọba, má jẹ́ kí á ti ẹni tí Ìwọ rán sí wa dànù. Bá wa tọ́jú àwọn tiwa tó wà lójú ọ̀nà, kí o sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí fún wọn níbi tí a kò sí. Fi orí ji àwọn òkú wa, bá wa wo àwọn ọmọ òrukàn wa dàgbà, kí o sì gba sàká àti sàárà wa. Àmín, yáà Rábbà l-áàlámíìn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òrò